Ìgbàgbọ́ Kì í Ṣe Pàṣán: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọmọ Tí Ó Dá Yàtọ̀ Láàrin Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Àwọn àgbà wí pé ojú méjì ni ó ń bímọ, igba ojú ni ó ń wò ó. Ẹ̀sùn tí a ní láti fi kan ara wa ni pé àwọn ọmọ kan wà ní Òkèhò, àti ní Òkè-Ògùn káàkiri, tí ojú méjì bí, tí igba ojú sì kọ̀ láti wò. Bí ó bá tilẹ̀ wò wọ́n, ìwò ìfura ni.

Ẹ̀yin náà mọ irú ọmọ tí à ń wí. A bí i ní pípé, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n bí a bá pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn. Bí ìyá rẹ̀ bá rẹ́rìn-ín sí i, kò wo ojú ìyá. Ó di ọmọ ọdún mẹ́ta, ó di mẹ́rin, ọ̀rọ̀ kò jáde ní ẹnu rẹ̀. Tàbí kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ díẹ̀, kí díẹ̀ náà sì tún pòórá. Ó lè jókòó kí ó máa yí ọmọrí ìkòkò láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ìlù tí ó ń dùn mọ́ wa a máa ta á ní etí bí iná. Òmíràn nínú wọn ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó tilẹ̀ mọ ìṣirò ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń bá ẹgbẹ́ ṣeré.

Ọ́tísíìmù ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Leo Kanner, dókítà kan ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ ìwé tí ayé fi mọ̀ ọ́n, ní 1943, lẹ́yìn tí ó ti ṣàyẹ̀wò ọmọ 11. Kì í ṣe àrùn tí ó ń ràn, kì í sì í ṣe wèrè. Ọ̀nà tí ọpọlọ ọmọ náà gbà ń dàgbà ni ó yàtọ̀, láti inú oyún wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2021, nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn 127 ni ó rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé. Ẹni tí ó bá wí pé kò sí irú rẹ̀ ní ìlú tiwa, kí ó ka iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, kí ó sì tún béèrè iye àwọn tí a fi pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

Kí a tó na ìka sí ẹnikẹ́ni, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiwa. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí a wà lórí àga ìwàásù, ìyá kan mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọlé. Bí ìlù àti agogo ti dún, ọmọ náà fi ọwọ́ di etí, ó kígbe, ó sì ṣubú lulẹ̀. Gbogbo ìjọ yí ojú padà. Àwa tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní bí a ti ń tọ́ ọmọ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, a dá ọ̀rọ̀ dúró, a sì wí láti òkè pé, “Arábìnrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e jáde, kí àwọn ènìyàn lè gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.” Ìyá náà kúnlẹ̀, ó wí pé, “Ẹ má bínú, Bàbá,” ó pọn ọmọ rẹ̀, ó sì jáde. Kò padà wá mọ́.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí a tó wá a lọ sí ilé. Ó ti ta ewúrẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti ta aṣọ òkè tí ó fi ṣe ìgbéyàwó, ó sì ti kó owó náà fún ẹnì kan tí ó ní òun yóò lé ẹ̀mí jáde lára ọmọ náà. Wọ́n ti fi ebi pa á fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n pè é ní ààwẹ̀. Ọmọ tí ó jẹ́ pé ẹ̀kọ àti àkàrà nìkan ni ó ń jẹ láti ìgbà tí a ti já a lẹ́nu ọmú. Àpá pàṣán wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá náà kò sọkún. Ó kàn wí pé, “Bàbá, wọ́n ní èmi ni mo jẹ ọpọlọ ọmọ mi.”

A kò rí ọ̀rọ̀ kankan fi dá a lóhùn ní ọjọ́ náà. Ìwé yìí ni èsì wa. Nítorí pé ẹni tí ó lé ọmọ jáde ní ilé Ọlọ́run àti ẹni tí ó nà án ní ilé àdúrà, wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà ni: ọ̀kan ṣí ilẹ̀kùn, èkejì ń dúró ní ìta.

Ohun tí a fẹ́ wí kò gùn. Ọ̀pá ni ìgbàgbọ́. Ẹni tí ó rẹ̀ lè fi í tilẹ̀ kí ó má bàa ṣubú. A sì lè gbé ọ̀pá kan náà kí a fi na ènìyàn. Ọ̀rọ̀ tí aṣíwájú ẹ̀sìn bá sọ sí etí ìyá ọmọ ni ó ń sọ èyí tí yóò jẹ́ nínú méjèèjì. Ní 2001, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Nalini Tarakeshwar àti Kenneth Pargament, tẹ ìwádìí kan jáde lórí òbí 45 tí ọmọ wọn ní ọ́tísíìmù. Àwọn òbí tí ó ka ọ̀ràn náà sí ìjìyà láti ọ̀run, tàbí tí ó rò pé Ọlọ́run àti ìjọ ti kọ àwọn sílẹ̀, ni ìbànújẹ́ àti àníyàn wọn pọ̀ jù. Àwọn tí ó mú Ọlọ́run ní alábàárìn, tí wọ́n sì rí ìtìlẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́ wọn, wí pé ìṣòro náà ti mú kí ọkàn àwọn dàgbà sí i. Ìgbàgbọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀kan di ẹrù lé ẹrù, èkejì sì di òṣùká.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò wá. Ẹ jẹ́ kí a dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn èkíní wí pé: “Ẹ̀mí òkùnkùn ni, ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan ni ó fà á.” Bí Kristẹni bá ni ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀, kí ó ṣí Ìhìnrere Jòhánù, orí kẹsàn-án. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rí ọkùnrin kan tí a bí ní afọ́jú, wọ́n sì bi Olúwa léèrè ẹ̀ṣẹ̀ ta ni ó fà á, tirẹ̀ ni tàbí ti àwọn òbí rẹ̀. Olúwa dá ọkùnrin náà àti àwọn òbí rẹ̀ láre. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe kèfèrí ni ó béèrè ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tí ó súnmọ́ Olúwa jù ni. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni nínú àwa oníwàásù kò fi gbọdọ̀ rò pé òun kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Bí Mùsùlùmí bá ni, kí ó rántí Súrà ọgọ́rin nínú Àlùkùránì. Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, wà pẹ̀lú àwọn ènìyàn ńlá ìlú Mẹ́kà nígbà tí afọ́jú kan wọlé wá béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn; ó fajú ro, ó sì yí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí èyí nìkan, Ọlọ́run bá a wí, a sì kọ ìbáwí náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti máa kà. Bí fífajú ro sí ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀ bá mú ìbáwí wá, kí ni ti àáfà tí ó de ọmọ mọ́ òpó?

Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀sìn àwọn baba wa ni ó ń ṣe, ta ni kò mọ̀ pé afin, abuké àti arọ, ẹni òrìṣà ni a ń pè wọ́n? Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, Alámọ̀ ni ó fi ṣe ẹlẹ́yà. A kò wí pé àwọn baba wa kò ṣe àṣìṣe. Wọ́n pe ọmọ kan ní àbíkú, wọ́n pe òmíràn ní emèrè, wọ́n sì fi abẹ kọ ara àwọn ọmọ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ bíi tiwa, tí ó ní òun ń gbé àṣà ga, gbọ́dọ̀ lè ya ọkà sọ́tọ̀ kúrò lára ìyàngbò. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bù fún ẹni òrìṣà ni ọkà. Ohun ìyanu ni ó jẹ́ fún wa pé ìyàngbò ni púpọ̀ nínú wa gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, tí a sì da ọkà nù sí ẹnu ọ̀nà.

Àwọn èkejì wí pé: “Ìyá ni ó jẹ̀bi.” Wọ́n ní bí ọmọ bá dára, ti baba ni, bí kò bá dára, ti ìyá ni. Nípa ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ baba fi ń di ẹrù wọn, tí wọ́n sì ń lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ẹ má sì ṣe rò pé àwa nìkan ni a ń sọ ọ́. Ní 1967, Bruno Bettelheim, ọ̀mọ̀wé ńlá kan ní ìlú Chicago, kọ ìwé tí ó fi di ẹ̀bi ọ́tísíìmù ru àwọn ìyá, pé wọn kò ní ìfẹ́ sí ọmọ wọn. Àwọn oníṣègùn gbà á gbọ́. Ìyá tí kò sùn ní òru nítorí ọmọ rẹ̀ ni a ń pè ní aláìláàánú. Àjẹ́ ni tiwa ń pè é, àwọn tọ̀hún pè é ní ọlọ́kàn tútù. Irọ́ kan náà ni, aṣọ ni ó yàtọ̀.

Ìbejì ni ó tú irọ́ náà fó, ọ̀ràn tí ó sì yẹ kí ó yé àwa Yorùbá tí a bá Ìgbọ́-Ọrà ṣe aládùúgbò. Ní 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ìbejì 21 kàn tí ó jẹ́ pé, ó kéré tán, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ní ọ́tísíìmù. Nínú ìbejì 11 tí ó jọra pátápátá, tí inú ẹyin kan ṣoṣo ti wá, mẹ́rin ni ó jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni ó ní in. Nínú ìbejì 10 tí kò jọra bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀kan. Ìyá kan náà ni ó tọ́ ìbejì kọ̀ọ̀kan, ọmú kan náà ni wọ́n mu. Bí ìwà ìyá bá ni ó fà á, èéṣe tí ìyàtọ̀ fi wà láàrin irú ìbejì kan àti èkejì? Nínú ẹ̀dá tí a bá wáyé ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, kì í ṣe nínú ìkórìíra ìyá, kì í sì í ṣe nínú ẹnu àjẹ́.

Àwọn ẹ̀kẹta wí pé: “Ṣé ẹ ń sọ pé Ọlọ́run kò lè ṣe iṣẹ́ ìyanu ni?” A kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run tí à ń sìn lè ṣe ohun gbogbo. Ohun tí a sọ ni pé iṣẹ́ ìyanu kì í ní iye owó, a kì í sì í fi pàṣán fà á wá. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 2003, ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan tí ó ní ọ́tísíìmù lọ sí ìpàdé àdúrà láti lé ẹ̀mí jáde lára rẹ̀. Ọkùnrin tí ó ń gbàdúrà náà dùbúlẹ̀ lé e láyà, títí ọmọ náà kò fi lè mí mọ́. Ó kú níbẹ̀. Ní 2004 ilé ẹjọ́ rán ọkùnrin náà ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì àti ààbọ̀. Ọmọ náà kò jí.

Ẹ má ṣe wí pé Amẹ́ríkà jìnnà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ní Òjóò ní Ìbàdàn, ní ìpínlẹ̀ tiwa yìí, àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ nínú ilé kan tí a ní a ti ń fi ẹ̀sìn tún ìwà ènìyàn ṣe. Ní oṣù yẹn kan náà, ẹgbẹ́ Human Rights Watch sọ ohun tí wọ́n rí ní ilé 28 tí wọ́n bẹ̀ wò ní ilẹ̀ Nàìjíríà: wọ́n bá ẹ̀wọ̀n ní ẹsẹ̀ ènìyàn lọ́dọ̀ Kristẹni, wọ́n bá a lọ́dọ̀ Mùsùlùmí, wọ́n sì bá a lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹ̀sìn kan tí ó lè fi èkejì ṣe ẹlẹ́yà. Kì í ṣe àwọn tí ó ní ọ́tísíìmù nìkan ni a ń kó lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a pè ní ẹlẹ́mìí òkùnkùn ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ọ̀nà ibẹ̀ ni a ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lé.

Àwọn ẹ̀kẹrin ni àwọn ọ̀mọ̀wé wa tí ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ẹ pa ẹ̀sìn tì, ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ yìí.” A bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò sọ gbogbo òtítọ́. Títí di òní kò sí oògùn tí ó ń wo ọ́tísíìmù sàn. Ẹ̀kọ́ ni ó ń ran ọmọ náà lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, tí a sì ń ṣe lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ta ni yóò ti ìyá lẹ́yìn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Dókítà tí ó wà ní Ìbàdàn kò sí ní Òkèhò ní aago méjì òru, nígbà tí ọmọ kò sùn tí baba sì ti lọ. Àdúrà wà níbẹ̀. Ó yẹ kí ìjọ náà wà níbẹ̀. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Aró, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, kò kó àwọn aláìsàn ọpọlọ ti mọ́ inú ògiri. Ó fi wọ́n sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí ará ilé kọ̀ọ̀kan sì bá ẹni tirẹ̀ gbé, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ọ̀mọ̀wé ni. Ó mọ̀ pé ènìyàn kì í yá níbi tí kò ti ní ẹnì kan.

Kí ni ó yẹ kí a ṣe nígbà náà?

Èkíní, kí gbogbo àga ìwàásù, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí, sọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe ẹ̀mí òkùnkùn, kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀san. Bí ẹnikẹ́ni bá na irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó fi ebi pa á, tàbí tí ó dè é, kí a fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Kí ẹ̀yin ìjòyè wa má sì ṣe fún un ní ilẹ̀ láti kọ́ ilé lé. Òfin ti wà nílẹ̀: èyí tí a ṣe ní 2018, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ìyà jẹ ènìyàn nítorí àbùkù ara tàbí ti ọpọlọ.

Èkejì, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ya ìjókòó kan sọ́tọ̀ ní ẹ̀bá ilẹ̀kùn, níbi tí ìlù kò ti ní ta ọmọ létí, kí a sì yan obìnrin méjì tí yóò máa tọ́jú ọmọ náà, kí ìyá lè fi wákàtí kan gbàdúrà. Èyí kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a tó pe ọmọ ní ohunkóhun, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, nítorí pé ọmọ tí kò gbọ́ràn a máa jọ ọmọ tí à ń wí. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, a dá ibi ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní 2011 fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé. Kò jìnnà ju ibi tí a ń gbé ọmọ lọ láti wá wòlíì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin olùkọ́, a bẹ̀ yín. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Àpapọ̀ tí ó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ àkànṣe, tí a dá sílẹ̀ ní 1977, wà ní Ọ̀yọ́, ó sì ń kọ́ àwọn tí yóò kọ́ irú ọmọ wọ̀nyí. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní Òkèhò rán, ó kéré tán, olùkọ́ kan lọ gba ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Àwòrán, ọ̀rọ̀ kúkúrú, àti ètò tí kì í yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́, ìwọ̀nyí ni ohun èlò iṣẹ́ náà, wọn kì í sì í ṣe ohun tí ó ju agbára wa lọ.

Ìkarùn-ún, ẹ̀yin baba, ẹ padà sílé. A kì í torí pé ọmọ burú kí a fi í fún ẹkùn pa jẹ, kí a má tilẹ̀ sọ ti ọmọ tí kò burú, tí ó kàn yàtọ̀.

Ìlú wa mọ ohun tí ìgbàsílé jẹ́. Ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú èyí tí ó kọjá, nígbà tí ogun ń jà káàkiri, ìlú mọ́kànlá ni ó kó ara wọn jọ sórí òkè, nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè dá ogun kọ̀. Wọ́n jọ wà níbẹ̀ títí di 1917, lẹ́yìn rògbòdìyàn 1916, kí gbogbo wọn tó jọ sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí a wà lónìí. A kò gbọ́ nínú ìtàn pé a bi ìlú kan léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí ó fi fa ogun wá sórí ara rẹ̀ kí a tó gbà á. Ìyá tí ó ní irú ọmọ yìí, ogun ni ó ń dá jà. Ọmọ Òkèhò tí ó bá lé e, ó ti gbàgbé bí a ti ṣe di Òkèhò.

A padà lọ bẹ ìyá tí a sọ ìtàn rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀ fún un, bí a ti dàgbà tó. Ó gbà. Ní báyìí, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń jókòó sí ní ọjọ́ Ìsinmi, a sì ti dín ìlù kù. Ọmọ náà ti mọ bí a ti ń na ọwọ́ sí àwòrán ife bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Kò tíì sọ̀rọ̀. A kò sì ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé yóò sọ. Ohun tí a ṣèlérí fún un ni pé, ó sọ tàbí kò sọ, àyè rẹ̀ wà. Ìlérí yẹn ni a bẹ̀ yín kí ẹ bá wa ṣe, ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin àlùfáà àti lémọ́ọ̀mù, ní gbogbo ìlú Òkè-Ògùn.

Kí Ọlọ́run kí ó ràn wá lọ́wọ́ láti mú un ṣẹ. Àmín.